Bí Irinṣẹ́ Ìrànlọ́wọ́ Bá Ń Wá Olùrànlọ́wọ́

Láti ọdún 2016 ni Microsoft ti fi Quick Assist sínú Windows 10, kí ọmọ tó wà ní London lè bá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn tún kọ̀ǹpútà ṣe: ọmọ á ka kóòdù tí Quick Assist bá fún un, ìyá á tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà wọn á sì hàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dáa, àfi ọjọ́ tí irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣí. Àwọn amọṣẹ́ á ní kí ẹ yọ àtúnṣe Windows tó wọlé kẹ́yìn kúrò, kí ẹ sì tún un gbé wọlé. N ò bá wọn jiyàn. Àtúnṣe tí iná lọ mọ́ lójú ọ̀nà lè da fáìlì rú, àtúngbéwọlé sì lè fi odindi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àtúngbéwọlé ń jẹ dátà, dátà sì wọ́n, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Quick Assist àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ní 2022, Microsoft kó o lọ sí Microsoft Store, ti àtijọ́ sì dákẹ́. Dídá àtúnṣe padà kò ní jí i. Ìpinnu àìgbatẹnirò gbáà ni kíkó o lọ sí Store lójú tèmi: ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò ni wọ́n ní kó lọ fọwọ́ ara rẹ̀ wá irinṣẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ fi fóònù darí màmá dé Microsoft Store, kí ẹ sì kìlọ̀ fún wọn pé àjèjì tó bá ṣàdédé pè, tó ní òṣìṣẹ́ Microsoft lòun, tó wá ń ka kóòdù fún wọn, gbájúẹ̀ ni.