KÍ BÀBÁ ILÉ TÓ RA JÍÌPÙ TÒKUNBỌ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ ní Òṣogbo àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ọ̀rọ̀ náà ni ti jíìpù olówó ńlá tí wọ́n ti lò ní òkè òkun, tí àwọn oníṣòwò ń kó wọlé, tí bàbá ilé sì ń rà láti fi ṣe ọkọ̀ ìdílé. Bí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní ọjọ́ Sátidé tí ìnáwó pọ̀, yálà ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, yóò rí Range Rover, Mercedes, BMW àti Lexus tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ níwájú gbọ̀ngàn àríyá. Inú wa dùn pé àwọn ènìyàn wa ń gun ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ Ajé, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ni a ó ti rí àwọn kan nínú ọkọ̀ wọ̀nyí, tí a ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀, tí olówó wọn sì ń gun ọ̀kadà lọ sí ibi iṣẹ́.

Èrò tiwa ni pé iye tí a fi ra ọkọ̀ kọ́ ni iye ọkọ̀. Iye tí yóò máa gbà lọ́wọ́ wa lóṣooṣù ni iye rẹ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá lè san èyí èkejì kò tíì tó ọkọ̀ náà rà, bí ó tilẹ̀ ní owó èkíní lápò.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ó ń ra jíìpù ní ìdí tí kì í ṣe ìdí yẹpẹrẹ. Wọ́n ní ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìyá àgbà sì wà nílé tí kò lè há ara rẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ kékeré. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, tàbí Iléṣà sí Àkúrẹ́, mọ ohun tí kòtò ń ṣe sí ìdí ọkọ̀ tí kò ga nílẹ̀. Wọ́n tún ní ojú tí ayé fi ń wo ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń wo ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, a kò sì bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ọ̀ràn ọkọ̀ ti rí láyé àwọn bàbá wa nìyí. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, tí Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Olùkọ́ tí ó fi owó yíyá ra Volkswagen ìjàpá nígbà náà ra ohun titun, kò sì sí mẹkáníìkì ní ìgboro tí kò mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn 1986 tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ọkọ̀ titun kọjá agbára òṣìṣẹ́, tòkunbọ̀ sì gba ojú títì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ gba Kútọnu wọlé, títí ìjọba àpapọ̀ fi ka kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé léèwọ̀ láti oṣù Kìíní, 2017. Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn náà kàn. Ìwádìí tí ẹ̀ka tí ń bójú tó àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fi hàn pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni ó jáde láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan láàárín 2015 sí 2018, ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì gba ìpín tí ó tóbi jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá bi ara wa léèrè: kí ni ó mú kí jíìpù tí ọlọ́rọ̀ kan rà ní Amẹ́ríkà ní iye tí ó tó kọ́ ilé di ohun tí òṣìṣẹ́ Òṣogbo lè nawọ́ sí? Ọjọ́ orí nìkan kọ́. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ a máa ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohun tí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe. Bí àkókò náà bá ti kọjá, ọlọ́rọ̀ a tà á kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni kejì a lò ó, òun náà a tà á. Nígbà tí yóò bá fi kàn wá, ó ti lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ọkọ̀ ti wálẹ̀, ṣùgbọ́n iye ohun èèlò rẹ̀ kò bá a wálẹ̀. Àwọn àgbà wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Jíìpù ni aṣọ. Owó tí a ti kó pamọ́ láti fi tún un ṣe ni àkísà.

Àwíjàre ọ̀nà tí kò dára, tí a fi ń gbèjà jíìpù, gan-an ni ó ń dá a lẹ́bi. Púpọ̀ nínú Range Rover àti Mercedes ńlá wọ̀nyí ni kì í lo sípíríǹgì irin. Àpò rọ́bà tí ẹ̀rọ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni ó gbé wọn ró. Rọ́bà a máa gbó, a sì máa ya. Bí ó bá ya, ọkọ̀ a jókòó sílẹ̀ bí ràkúnmí tí ó kúnlẹ̀, kò ní lè rìn dáadáa mọ́ àyàfi bí a bá ra òmíràn. Lẹ́yìn èyí, kọ̀ǹpútà kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, láti ìdí ẹ́ńjìnnì títí dé ìlẹ̀kùn. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò tí ó bá irú ọkọ̀ náà mu kò lè mọ ibi tí àìsàn wà. Yóò yọ èyí, yóò pààrọ̀ tọ̀hún, àpò ọlọ́kọ̀ ni gbogbo àṣìrò náà yóò sì ti jáde. Ọkọ̀ tí a rà nítorí kòtò ni kòtò yóò kọ́kọ́ pa.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí àwọn olùkọ́ pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa, ìṣirò kì í sì í bà wọ́n lẹ́rù. Òṣogbo sí Iléṣà tó bí kìlómítà 32. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 64. Lexus GX 460, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 4.6, a máa mu bí lítà 14 ní 100 kìlómítà. Toyota Corolla onílítà 1.8 a máa mu bí lítà 8. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ọjọ́ 22 nínú oṣù, Lexus yóò mu bí lítà 197, Corolla yóò sì mu bí lítà 113. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ lítà 84. Kí ìjọba àpapọ̀ tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó ₦200 lójú ìwé. Ní oṣù Kẹwàá, 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní iye ₦1,000, lítà 84 jẹ́ ₦84,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba Ọ̀ṣun fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦75,000. Èyí ni pé ìyàtọ̀ epo láàárín ọkọ̀ méjì wọ̀nyí nìkan lè jẹ gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ kan tán, kí ó sì tún jẹ gbèsè lé e. A kò tíì dárúkọ táyà, a kò dárúkọ ọ́ìlì, a kò sì tíì dárúkọ mẹkáníìkì.

Níbo ni owó yìí yóò ti wá? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń yá a, ẹgbẹ́ a sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù kí owó tó dé ọwọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun kò gbàgbé pé láti 2015 títí dé 2018, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gba owó oṣù pé, tí àwọn mìíràn ń gba ìdajì. Ẹni tí ó bá ti rí irú ọdún bẹ́ẹ̀ rí kò yẹ kí ó tún fi ọrùn ara rẹ̀ sínú àjàgà tí kò lè bọ́. Bí jíìpù bá béèrè owó ní oṣù Kẹsàn-án tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, kì í ṣe jíìpù ni yóò dúró dè wá. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni yóò dúró, oògùn ìyá àgbà ni yóò dúró. Ọkọ̀ tí a pè ní ti ìdílé yóò wá di èyí tí ìdílé ń sìn.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni ó yẹ kí á ti máa kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn Òṣómàáló tí wọ́n ru aṣọ láti Iléṣà lọ sí Èkìtì, Àkókó àti òkè ọya, tí wọ́n tà á láwìn, tí wọ́n sì lóṣòó níwájú ilé onígbèsè títí owó fi jáde, mọ iye tí ọjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti iye tí yóò mú wálé. Wọn kì í ra ohun tí wọn kò mọ bí yóò ti san ara rẹ̀ padà. Inú èrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ilé, tí wọ́n sì rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Iyì wọn wà nínú pé wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ẹ wo bí yóò ti burú tó bí ọmọ ọmọ Òṣómàáló bá wá di ẹni tí àwọn mìíràn ń lóṣòó dè nítorí jíìpù!

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ o. Bí ìdílé bá pọ̀, Toyota Sienna ń gba ènìyàn méje. Bí ó bá jẹ́ gíga ni a ń fẹ́, Highlander àti RAV4 ga tó fún ọ̀nà wa, sípíríǹgì irin ni ó gbé wọn ró, ohun èèlò wọn sì kún ọjà Ládípọ̀ ní Èkó àti Géètì ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá sì tẹnu mọ́ ọn pé jíìpù olówó ńlá ni òun yóò rà, kí ó kọ́kọ́ ya owó sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọdún kan, kí ó má sì fọwọ́ kan án.

Kí ó tún la ojú rẹ̀. Ọkọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ alámì 17. Àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: A ni 2010, B ni 2011, F ni 2015. Bí ẹnu ẹni tí ń tà á bá yàtọ̀ sí àmì yìí, kí a máa bá tiwa lọ. Ìkún omi tí ìjì Katrina fà ní 2005, ti Harvey ní 2017 àti ti Ian ní 2022 gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ mì lọ́hùn-ún, kò sì sí ohun tí ó ní kí irú wọn má dé ọ̀dọ̀ wa. Kí a ká kápẹ́ẹ̀tì wò bóyá ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí a fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀ bóyá àbàwọ́n omi wà lára rẹ̀. Iná pupa ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ẹ̀mí là gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti pa á ní ẹnu mọ́. Kí a béèrè ìwé owó orí láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kí mẹkáníìkì tí a bá mú lọ sì jẹ́ tiwa, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwọn aṣáájú, ìrù ẹṣin ni a ó sì fi lé e, kì í ṣe kùmọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, 2023, nígbà tí ìlú ń ráhùn nítorí epo, ìròyìn jáde pé wọ́n ń ra jíìpù fún àwọn aṣòfin ní Àbújá, tí iye ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bí mílíọ̀nù ₦160. Kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nínú ilé náà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń rí i pé jíìpù ni àmì ẹni tí ó rí jẹ, òun náà yóò wá jíìpù kiri, kódà bí kò bá rí jẹ. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn olùdíje bá tún dé, ẹ má ṣe ka jíìpù tí ó tẹ̀lé wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọn yóò ṣe, tí Corolla olùkọ́ yóò fi lè dé Iléṣà láìfi ìdí gbálẹ̀. Ìjọba tí ó bá tún ọ̀nà ṣe ti dín ìdí tí a fi ń wá jíìpù kù.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọkọ̀ tí ó ń jí ní òwúrọ̀, tí ó gbé ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì gbé bàbá dé ibi iṣẹ́ láìjẹ gbèsè, òun ni ọkọ̀ iyì.