Ojú Onífótò Lọ́tọ̀, Ojú Kámẹ́rà Lọ́tọ̀

Ẹ̀yin onífótò ìlú, ẹ má bínú sí mi o. Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn kan nínú yín á fi owó gọbọi ra Leica, irú kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní rangefinder, wọn á gbé e kọ́ ọrùn, wọn á wá máa fi ya bàtà, ìgò lọ́fínńdà àti òrùka oníbàárà nínú sítúdíò. Bí oníbàárà bá ní ọjà òun kò hàn dáadáa, wọn á ní, “Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta kámẹ́rà yìí ni?” Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bi yín léèrè owó?

Ẹni tí kò mọ̀ kó gbọ́. Lára rangefinder, fèrèsé kékeré kan wà lókè, níbi tí onífótò ń gbà wòran. Àwòrán kejì ń gba fèrèsé mìíràn wọlé. Bí onífótò bá yí lẹ́ńsì títí tí àwòrán méjèèjì fi bára mu, fótò á mọ́ kedere. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì ni fíìmù ń gbà ríran, kì í ṣe fèrèsé. Kódà, ènìyàn lè gbàgbé ìdérí sójú lẹ́ńsì, kó máa rí ayé rekete, kó sì jẹ́ òkùnkùn biribiri ló ń yà!

Bí ẹ bá ń ya ẹni tó dúró lókèèrè, ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Ẹ sún mọ́ ìgò lọ́fínńdà, kí ẹ wá wò ó. Ẹ ní láti orí M3 ti ọdún 1954 ni ìlà inú fèrèsé ti ń sún fúnra rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ìlà ń sún. Ojú yín ńkọ́? Ibi tó wà náà ló ṣì wà. Iná tó ń kọ mànà lára ìgò, ẹ kò rí i bí lẹ́ńsì ṣe rí i.

Summicron 50 tí gbogbo ayé ń yìn, tó bá ti ku mítà 0.7, kò lè sún mọ́ ọjà mọ́. Níbẹ̀, ohun tó ń wọ fótò fẹ̀ tó mílímítà 416, ó sì ga tó 277. Ẹ gbé òrùka tó fẹ̀ ní mílímítà 20 síbẹ̀: lórí fíìmù, kò ní tó mílímítà 2. Ṣé òrùka lẹ yà ni, àbí tábìlì?

Àwọn tó ṣe é gan-an mọ̀. Leica fúnra wọn ṣe àpótí onídígí tó ń jẹ́ Visoflex, kí onífótò lè gba ojú lẹ́ńsì wòran. Nikon náà mú SP wọn ti 1957, wọ́n fi àpótí dígí sí i, ó di Nikon F ní 1959. Ṣé ẹ ó mọ ilé ju onílé lọ ni?

Ẹ tún ní Leica M ti 2012 àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi ohun tí lẹ́ńsì rí hàn lẹ́yìn kámẹ́rà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń wo ẹ̀yìn, ẹ ti pa rangefinder tì nìyẹn. Kí lẹ wá sanwó rẹ̀ fún?

N kò bú kámẹ́rà náà o. Henri Cartier-Bresson fi Leica ṣe iṣẹ́ tí ayé kò gbàgbé, láàárín ìgboro. Kì í pariwo, kì í dí ojú ẹni nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bàtà orí tábìlì kì í gbọ́ ariwo, kì í sì í sá lọ. Àdá dára, kò ṣeé fi rán aṣọ.

Oníbàárà ló ń jìyà. Lónìí, fótò ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tó fẹ́ ra báàgì tí wọ́n rán ní Èkó, kò lè fọwọ́ kàn án. Ojú fótò ló máa fi mọ̀ bóyá ojú rírán rẹ̀ gún. Bí fótò bá ṣe bàìbàì, owó oúnjẹ aránbáàgì ló lọ yẹn.

Ẹ wá kámẹ́rà tí a ń gba ojú lẹ́ńsì rẹ̀ wòran, ì báà jẹ́ àlòkù, kí ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta. Leica yín, ẹ máa fi ṣe fàájì lọ́jọ́ Sunday. Owó oníbàárà kọ́ ni ẹ ó máa fi ṣe fàájì.