Ọ̀rọ̀ Yìí, Ta Ló Ni Ín?

Lórí ọ̀rọ̀ ìdílé ti ọ̀tẹ̀ yìí, a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga sọ̀rọ̀ nípa olè kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí olè. Kì í gbé ewúrẹ́, kì í sì í já ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíràn ni ó ń jí.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, ní ọgbà kan ní Ìkirè. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò jìnnà sí wa mọ́. Ìyá tí ń ta dòdò Ìkirè ń tọ́ ọmọ ní yunifásítì, àgbẹ̀ Àpòmù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ìkẹyìn bá dé, ọmọ á ní, "Màámi, owó pírọ́jẹ́ẹ̀tì ló kù." Ẹ̀yin òbí, ẹ wá owó náà fún un, ṣùgbọ́n ẹ bi í pé owó kí ni. Ṣé owó ìwé ni, àbí owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ ṣe ìwádìí, àbí owó tí yóò fi bẹ ẹlòmíràn pé kí ó bá òun kọ ọ́? Àwọn kan wà káàkiri ilẹ̀ wa tí iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọn á mú iṣẹ́ tí ẹnìkan ti ṣe lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọn á yí orúkọ ìlú inú rẹ̀ padà, wọn á tẹ orúkọ tuntun síwájú rẹ̀, ó parí. Òbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ san owó yìí, ẹrù olè ni ó rà.

Àwọn kan yóò ní, "Ta ni kò kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn?" Òótọ́ ni. Kíkọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi orúkọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ pamọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ilé Yorùbá ti kọ́ wa ní èyí kí ilé-ìwé tó dé. Bí ọmọdé bá pa òwe níwájú àgbà, á ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe," àgbà á sì dá a lóhùn pé yóò rí òmíràn pa. Ọmọ náà ń jẹ́wọ́ pé kì í ṣe òun ló ni ọgbọ́n yẹn. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù náà, nígbà tí ó ń wàásù ní Áténì, kò fi ọ̀rọ̀ akéwì wọn ṣe tirẹ̀. Ó sọ fún wọn pé akéwì wọn ló sọ ọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan Àpòmù wa gan-an. Ẹni-Ọ̀wọ̀ Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, ló kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a mọ̀ káàkiri. Inú rẹ̀ ni a ti kà á pé ìjà lórí atare ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu. Wọn kò tíì bí Johnson nígbà náà. Nítorí náà, ó dárúkọ àwọn tí ó wádìí lọ́wọ́ wọn: àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, David Kukomi ti Ìbàdàn, Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ.

Ó parí ìwé náà ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù lọ́hùn-ún. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson ti Èkó, kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún ìwé náà kọ. Ní ọdún 1916, àwọn ará Jámánì gba Appam, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé ìwé náà lọ. Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ náà já sí. Obadiah kú ní ọdún 1920. Ìwé náà jáde ní 1921.

Orúkọ ta ni ó wà níwájú rẹ̀? Samuel Johnson ló kọ ọ́. Obadiah jẹ́ olótùú. Ẹ rò ó wò. Ìwé àkọ́kọ́ ti sọnù, ẹni tí ó kọ ọ́ ti wà ní sàárè, àbúrò sì ti ṣe làálàá ọdún púpọ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá fi í ṣe tirẹ̀, ta ni ìbá mú un? Síbẹ̀, ó fi ti olóhun fún olóhun.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Jámánì, ìyá kan tí ń jẹ́ Annette Schavan gba oyè dókítà ní ọdún 1980. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn wà lára ohun tí ìwé rẹ̀ dá lé. Ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2013, Yunifásítì Düsseldorf gba oyè náà padà, wọ́n ní ó lo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láì dárúkọ wọn bó ti yẹ. Ó sẹ́, ó lọ sí kóòtù, kóòtù kò gbè é. Ọdún 33 ti kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó dé, ipò mínísítà sì bọ́.

Àwa oníwàásù pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní ọdún 1991, Yunifásítì Boston rí i pé Dókítà Martin Luther King ti ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé tí ó fi gba oyè ní 1955. Wọn kò gba oyè náà, ṣùgbọ́n wọ́n so lẹ́tà mọ́ ìwé náà ní ilé ìkàwé. Iṣẹ́ ribiribi rẹ̀ kò parẹ́. Lẹ́tà náà náà sì wà níbẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, orúkọ ìwé, ọdún àti ojú ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ mú níbẹ̀. Bí ẹ bá lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, ẹ fi àmì sí i. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ èrò rẹ̀, ẹ ṣì dárúkọ rẹ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí ìkánjú ló ń bí àdàkọ. Ẹ má fi iye tí ẹ kò kà kún iye tí ẹ kà. Ẹlòmíràn lè gbé ìtọ́jú aláìsàn lé e. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà pé kí ó bá yín kọ ọ́. Ó lè dárúkọ ìwé tí kò sí láyé. Ẹ̀rọ bíi Turnitin sì wà tí ń fi ìwé wé ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ àárín wa, ẹ má fi orúkọ yín sórí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kò bá a ṣe.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ kò tilẹ̀ kàwé, ẹ lè ṣe èyí: ẹ pe ọmọ yín jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún yín. Ta ló bá sọ̀rọ̀? Kí ló rí? Kí ló yà á lẹ́nu? Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní ṣàìrí nǹkan sọ. Bí ó bá ń kólòlò, ẹ má nà án, ẹ má sì bú u. Ẹ ní kí ó padà lọ ṣe é. Ó sàn kí ó lo ọdún kan sí i ju kí ó máa bẹ̀rù ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀ títí ayé.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́ láti fi ti olóhun fún olóhun. Àmín.