Vault 13 àti Táǹkì Omi Ìjàpọ̀

Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Amazon ti gbé eré tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Fallout jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024, orúkọ náà ti wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa bí ẹni pé àná ni wọ́n sọ ọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn pé orúkọ náà ti pẹ́ láyé. Oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni ilé-iṣẹ́ Interplay, ní ìpínlẹ̀ California, gbé géèmù àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde fún kọ̀ǹpútà; Tim Cain ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà. Ó dé ọ̀dọ̀ àwa kan ní Ijapo Estate, ní Àkúrẹ́, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, lórí àwo sídíì tí ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè ibi tí a ti rí i. Ìfẹ́ tí mo ní sí i kò tíì tutù. Ẹ̀ẹ̀rùn tún ti wọlé báyìí, igbe omi sì ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ìyẹn ni ó mú mi rántí rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò bá mọ irú eré yìí, ẹ má ṣe rò pé ìbọn yíyìn lásán ni. Ẹni tó fẹ́ ta á yóò kọ́kọ́ dá ènìyàn kan. Yóò pín okun, ojú-inú, ìfaradà, ọ̀yàyà, làákàyè, ìyára àti oríire fún un, méjèèje, bí ó bá ti wù ú, yóò sì rán an jáde sínú ayé. Ohun tí ó bá pín fún un ni ayé yóò fi hùwà sí i. Bí o bá du ẹni náà ní làákàyè, kò ní lè to ọ̀rọ̀ méjì pọ̀; ṣe ni yóò máa kùn hùn-ùn hùn-ùn níwájú àwọn ènìyàn, wọn yóò sì lé e dànù. Bí làákàyè rẹ̀ bá jinlẹ̀, ó lè dúró níwájú olórí àwọn ọ̀tá ní òpin ìtàn, kí ó fi ẹ̀rí hàn án pé àwọn ẹ̀dá tuntun tí ó ń dá kò lè bímọ, kí olórí ọ̀tá náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fòpin sí gbogbo rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yọ ọ̀bẹ. N kò tíì rí fíìmù ogun kan tó bu iyì bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu.

Kò yẹ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọmọ Òkè-Igbó ni D. O. Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní ọdún 1938, ọba rán Àkàrà-Oògùn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó nítorí àlàáfíà ìlú, oníkálukú wọn sì ní ẹ̀bùn tirẹ̀: Kàkó ní kùmọ̀, Ẹfọ́ìyẹ́ ní ọfà, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Ká ní inú kọ̀ǹpútà ni Fágúnwà ti kọ ọ́, géèmù ni à bá máa pè é.

Ìtàn Fallout kò lọ́jú pọ̀. Ogun àdó olóró jà ní ọdún 2077, ó sì sọ Amẹ́ríkà di aginjù. Àwọn díẹ̀ ti sá wọ ihò ààbò ńláńlá lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Vault. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irin mọ́rí. Iná tiwọn wà níbẹ̀, oúnjẹ tiwọn, omi tiwọn; ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè kò kàn wọ́n. Ní ọdún 2161 ni ṣíìpù tó ń darí ẹ̀rọ omi Vault 13 bàjẹ́. Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe. Alábòójútó ibẹ̀ pe ẹnì kan ṣoṣo, ó ní kí ó jáde lọ wá òmíràn, nítorí omi tó kù kò lè ju ọjọ́ 150 lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ nìyẹn. Kò sí ìṣúra wúrà, kò sí ọmọ ọba tí wọ́n jí gbé. Omi ni.

Ẹ wá fojú inú wo bí èyí ṣe rí fún ọmọ Àkúrẹ́ tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nínú pálọ̀. A ń ka ọjọ́ tó kù fún Vault 13, a sì ń ka kẹ́ẹ̀gì tó kù lẹ́yìn ilé. Iná mànàmáná lè lọ nígbàkigbà, nítorí náà a kọ́ láti máa fi eré náà pamọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, kí a má baà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ aginjù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá jó tán. Ìyá mi a yọjú láti ilé ìdáná: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ológun. Ta ni yóò bá mi pọn omi tí a ó fi se oúnjẹ yín?” Ẹni tó bá kéré jù nínú wa ni yóò dìde. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín: ìdérí ìgò ni owó tí wọ́n ń ná nínú géèmù náà, irú èyí tí àwa ń ṣà nílẹ̀ fi ṣeré nígbà tí a wà ní kékeré. Láàárín ara wa, a ti jẹ́ olówó.

Ní ìlú kan tó ń jẹ́ Hub, àwọn oníṣòwò omi wà. Bí o bá san ìdérí ìgò tó pọ̀ tó fún wọn, wọn yóò di omi lé màlúù olórí méjì, wọn yóò gbé e lọ sí Vault 13, ọjọ́ 100 yóò sì kún ọjọ́ tí o ní. Kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún ọmọ Ìjàpọ̀ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Àwọn mẹ́ruwà wa ni, bárò nìkan ni wọn kò tì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe géèmù náà fi nǹkan kan pamọ́ síbẹ̀. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, bí o bá ra omi yìí, ìgbòkègbodò àwọn oníṣòwò yóò tètè júwe ọ̀nà ilé rẹ fún àwọn ọ̀tá. Omi rírà fún ọ ní àyè láti mí, kò wo àìsàn náà sàn.

Ìlú òkú tí wọ́n ń pè ní Necropolis ni ibi tí n kò lè gbàgbé. Abẹ́ ìlú yẹn ni ṣíìpù tí à ń wá kiri wà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ ènìyàn tí ìtànṣán olóró ti bó láwọ, tí ojú wọn kò ṣeé wò lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń bẹ̀rù, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n. Ṣíìpù yẹn ni omi tiwọn náà gbára lé. Wọn yóò sọ ọ́ lójú rẹ pé bí o bá mú un lọ, àwọn yóò kú. Pọ́ǹpù kan wà níbẹ̀ tó ti bàjẹ́. Bí o bá ní sùúrù láti wá àwọn àlòkù irin nínú kòtò ìdọ̀tí ìlú náà, tí o sì mọ iṣẹ́ àtúnṣe díẹ̀, o lè tún pọ́ǹpù náà ṣe fún wọn, kí o tó mú ṣíìpù lọ. Bí o kò bá sì ní sùúrù, géèmù náà kò ní dá ọ dúró. Yóò jẹ́ kí o mú un, yóò jẹ́ kí o lọ sílé, àwọn ará ilé rẹ yóò sì yọ̀ mọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kàwé ní FUTA nígbà náà mú tirẹ̀ lọ láì bojú wẹ̀yìn. A ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yẹn ńkọ́?” Ó ní, “Ṣé àwọn ni wọ́n rán mi níṣẹ́?” Àríyànjiyàn náà gbóná títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Títí di òní, mo gbà pé ìbéèrè rẹ̀ ni ìbéèrè tó le jù lọ nínú géèmù náà, ìdáhùn rẹ̀ ni n kò gbà.

Ìdí rèé. Ẹ rìn káàkiri Ìjàpọ̀ lónìí. Odi gíga, géètì irin, jẹnẹrétọ̀ tàbí páànẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn, kànga-dẹ̀rọ, táǹkì dúdú lórí òpó. Ilé kọ̀ọ̀kan ti di Vault. Ó yẹ kí omi máa wá láti odò Ọ̀wẹnà, kí ó gba inú páìpù wọ ilé gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn ti dàgbà ní Àkúrẹ́ láì rí omi ẹ̀rọ ìjọba kí ó yọ rí. Nítorí náà, olówó gbẹ́ tirẹ̀. Òkúta ni ó sì wà lábẹ́ Àkúrẹ́, irú èyí tó yọrí síta ní Ìdànrè. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kì í ṣe òkun. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí òkúta náà àti inú pàlàpálá rẹ̀ ni ó ń gbé, òjò ọdọọdún ni ó sì ń dá a padà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, kànga-dẹ̀rọ tó jìn ṣì lè máa fa omi sókè, nígbà tí kànga aláfọwọ́gbẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbẹ. Ayálégbé tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì ni yóò máa dúró de mẹ́ruwà.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: ṣé kí á máa fi òùngbẹ dúró de ìjọba ni? Rárá. Ilé tí mò ń gbé náà ní kànga-dẹ̀rọ, n kò sì ní dí i. Ohun tí mò ń sọ ni pé, àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, olùkọ́ fásitì, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò tó ń gbé àdúgbò bíi tiwa ni ohùn wọn lè dé ibi tí wọ́n ti ń pín owó ìlú. Ní ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbé táǹkì tirẹ̀ sókè, ọjọ́ yẹn ni ohùn wọn dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ páìpù. Àwọn tó kù láti pariwo ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Nínú ìpàdé àwọn onílé, a máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́, géètì àti ẹ̀rọ amúnáwá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ẹnì kan bá dárúkọ omi, wọn yóò bi í pé ta ni ó gbẹ́ kànga fún un tó fi bàjẹ́. A lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí omi wà lára ohun tí ìpàdé yóò jíròrò, kí àwọn tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì bá wa béèrè ọjọ́ tí páìpù yóò ṣiṣẹ́, kí ilé tó ní omi sì yọ ẹnu ẹ̀rọ kan síta odi fún àwọn tí kò ní.

Àwọn tó gba géèmù náà ṣe lẹ́yìn Interplay kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú Fallout 3 tí Bethesda gbé jáde ní ọdún 2008, bàbá ẹni tó ń ta géèmù ni ó ń wá ọ̀nà láti fọ omi Washington mọ́ fún gbogbo ènìyàn, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ jù, nítorí òpin rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà, ẹni tó gba Vault 13 là padà dé ẹnu ilẹ̀kùn irin, Alábòójútó sì jáde pàdé rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ní kí ó máa lọ. Ó ti rí ìta jù. Ẹ̀rù ń ba Alábòójútó pé àwọn ọ̀dọ́ inú ihò yóò fẹ́ tẹ̀lé e jáde.

Géèmù náà ṣì wà ní títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà alágbèéká èyíkéyìí sì lè gbé e. Ẹ̀yin tí ẹ wo eré tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ lọ ta á. Nígbà tí ẹ bá dé Necropolis, ẹ kọ́kọ́ wá àlòkù irin nínú kòtò yẹn, kí ẹ tún pọ́ǹpù wọn ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan ṣíìpù.