Bí Ẹ Bá Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì, Ẹ Má Gbàgbé Ọ̀nà Èéfín

   Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má dìde lọ pé òun kò ní ọkọ̀. Ẹni tó bá ti gbé iṣu rẹ̀ sórí ọkọ̀ elòmíràn rí, tó sì jókòó lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Gbogbo wa la mọ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń kó ẹrù wa láti inú igbó bọ́ sí ọ̀nà ọ̀dà tó wá láti Savalou, tó gba Bassila kọjá lọ sí Djougou. Bashé Peugeot 404 ń bẹ níbẹ̀, bashé 504 ń bẹ níbẹ̀, Mercedes onímú náà ń bẹ níbẹ̀. Ọdún 1960 ni 404 kọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ Faransé, 504 tẹ̀lé e ní 1968. Mercedes onímú yẹn ti wà láti 1959. Àwọn mìíràn nínú ọkọ̀ wọ̀nyí dàgbà ju awakọ̀ wọn lọ. Irin ara wọn le, ṣásì wọn kò tíì tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wọn ti kú lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Olówó ọkọ̀ á wá lọ sí Kútọnu, á ra ẹ́ńjìnnì àlòkù tó ti òkè òkun dé, á gbé e wálé, á ní kí mẹkáníìkì fi í sínú ọkọ̀.

Mi ò bá a wí. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Láyé bọ́lẹ̀kájà, àwọn ènìyàn ti ń yọ ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù kúrò nínú ọkọ̀ Bedford, wọ́n ń fi Perkins P6 tó ń lo dísẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí kpayó gbówó lórí mọ́ wa lọ́wọ́, olówó ọkọ̀ tún rí ìdí mìíràn láti wá ẹ́ńjìnnì tí kò ní máa mu epo bí ẹni mu omi. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo lòdì sí ni pé, lẹ́yìn tí a bá ti náwó lórí ẹ́ńjìnnì, lórí jíà, lórí báttìrì, ọ̀nà èéfín ni a máa ń fi ṣe ìgbẹ̀yìn, owó tó bá ṣẹ́ kù sí àpò ni a fi ń ṣe é. Bí owó kò bá sì ṣẹ́ kù, páànù àti wáyà ni. Tèmi ni pé: ẹ́ńjìnnì tí ọ̀nà èéfín rẹ̀ kò pé kò tíì wọ inú ọkọ̀ tán. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má gbé ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dà bí àdògán. Iná ń jó nínú rẹ̀, èéfín sì gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ní ihò èéfín mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin kan wà tí a dè mọ́ ẹnu àwọn ihò náà, tó ń kó èéfín gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Òun ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní collecteur. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pá gígùn ti gbà á, ó gba inú sàlẹ́ńsà kọjá, ó sì tú u síta lẹ́yìn ọkọ̀. Láàárín irin yẹn àti ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, èyí tí a tún ń pè ní joint, tó ń dí ojú ibi tí irin méjèèjì ti pàdé kí èéfín má baà yọ.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í ṣe ọmọ ìyá ọkọ̀ àtijọ́. Ó lè jẹ́ pé apá ọ̀tún ni èéfín tirẹ̀ ń gbà jáde, apá òsì sì ni ọ̀pá àtijọ́ wà. Ó lè jẹ́ pé inú ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti yọ ọ́, bíi ti Japan tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí collecteur rẹ̀ wá bọ́ sí ibi tí irin ìdarí tiwa wà gan-an. Irin kọlu irin, àyè kò sí. Kí ni wọ́n máa ń ṣe? Wọ́n á gé irin tí a dà yẹn, wọ́n á jó o pọ̀ padà bí ẹni jó ilẹ̀kùn páànù. Ṣùgbọ́n irin tí a dà kì í gba jíjó bẹ́ẹ̀. Bó bá gbóná, tó tutù, tó tún gbóná, ojú ibi tí wọ́n jó á là. Wọ́n á fi amọ̀ dí i, wọ́n á fi agolo mílíìkì wé e, wọ́n á ní ó parí.

Kò parí o. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa síbí. Nínú èéfín ọkọ̀, pàápàá èyí tó ń lo bẹntiróòlù, afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Carbon monoxide ni orúkọ rẹ̀. Lórí ìwé Faransé, ẹ ó rí i ní monoxyde de carbone. Bí a bá fà á símú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ju afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn, ṣùgbọ́n kò ní rí afẹ́fẹ́ rere gbé lọ sí ọpọlọ àti ọkàn mọ́. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn. Òòyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, oorun á máa kùn ún. Awakọ̀ á sọ pé àárẹ̀ ni. Ìyá tó jókòó lórí àpò kajú á sọ pé òòrùn ló pa òun. Ọmọ á sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, a ó sì ní ọmọ náà ń sùn dáadáa. Ẹni tó bá sùn sínú afẹ́fẹ́ yìí lè má jí mọ́. Aboyún ni kó ṣọ́ra jù, torí oyún inú rẹ̀ ń mu nínú oró náà, kì í sì í tètè jáde lára ọmọ bó ṣe ń jáde lára ìyá.

Ẹ má sọ pé, "Dísẹ̀lì ni tiwa, kò kàn wá." Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ olóró yẹn kò pọ̀ nínú dísẹ̀lì bíi ti bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n èéfín dúdú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, kéde pé èéfín dísẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọṣẹ́ tó ń jókòó sí iwájú ọkọ̀ tó ń jò lójoojúmọ́ ń mu èyí láàárọ̀, ó ń mu ún lálẹ́.

Àwọn kan á tún ní, "Fèrèsé ọkọ̀ wa kì í tì, atẹ́gùn ń wọlé." Ẹ wo bí bashé ṣe rí lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń yí padà lẹ́yìn, ó ń wọ abẹ́ tapolíìnì tí a fi bo ẹ̀yìn. Erukuru tó ń bo àwọn èrò ẹ̀yìn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀nà yẹn ló gbà wọlé. Ọ̀nà tí erukuru gbà náà ni èéfín ń gbà. Bí ẹnu ọ̀pá bá wá parí sí abẹ́ ibi tí ènìyàn jókòó sí, tí a sì ti ta tapolíìnì wálẹ̀ nítorí òjò, inú èéfín ni wọ́n wà títí wọn á fi dé. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èéfín ọkọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tó ṣe iṣẹ́ jákujàku wà nílé, ẹni tó sanwó ọkọ̀ ni èéfín ń tọ̀.

Iná tún ń bẹ níbẹ̀. Omi máa ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Collecteur ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù tó ń fi ẹrù gun òkè lè gbóná ju 600 lọ. Ẹ wá fi rọ́bà tó ń gbé epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀, tàbí rọ́bà bíréèkì, tàbí wáyà báttìrì. Rọ́bà á yọ́, epo á kán sórí irin gbígbóná. Kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé ìyókù fún.

Báwo wá ni iṣẹ́ rere ṣe ń rí? Bí ẹ bá ń ra ẹ́ńjìnnì, ẹ rà á pẹ̀lú collecteur tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òǹtajà yọ ọ́ tà lọ́tọ̀. Ẹ wọn àyè inú ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó: níbo ni irin ìdarí wà, níbo ni èéfín ti máa jáde? Bí àyè kò bá gba irin náà rárá, ajórinmọ́rin tó mọ iṣẹ́ lè fi ọ̀pá ṣe òmíràn, kí ihò kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀ kí wọ́n tó pàdé níwájú. Irú èyí ni àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn nítorí ìró rẹ̀. Ó dára lóòótọ́, torí èéfín sílíńdà kan kì í dí ọ̀nà mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ iṣu kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje, ẹ má torí ìró ṣe é. Bí ẹ bá ṣe é, kí ọ̀pá náà nípọn, kí irin pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì nípọn jù ú lọ, kí ojú rẹ̀ sì tẹ́jú, torí bó bá tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì kankan kò ní dí i.

Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ẹ máa fún àwọn bóòtù láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti rìn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún wọn fún nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ́ńjìnnì máa ń gbọ̀n, ṣásì kì í gbọ̀n; nítorí náà ẹ fi rọ́bà gbé ọ̀pá èéfín kọ́, kí ó lè jì díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kán. Kí ọ̀pá jìnnà sí rọ́bà epo àti ti bíréèkì. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi páànù ṣe àbò sáàárín wọn. Ẹ má lo ọ̀pá tóóró nítorí pé kò wọ́n: èéfín tí kò ráyè jáde á mú ẹ́ńjìnnì gbóná, á sì mú un jẹ epo, owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ á gba inú táǹkì jáde. Kí ẹnu ọ̀pá yọ jáde kọjá etí ibi ẹrù, kó má parí sábẹ́ ènìyàn.

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́ tiyín. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti okùn funfun tí wọ́n fi ń wé ọ̀pá lè ní amiante nínú. Ekuru rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á kúrò. Ẹ má sì ta ẹ́ńjìnnì nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń jò, ẹ tẹ́tí sí i láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á, kó tó gbóná. Bí ẹ bá gbọ́ tí-tí-tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ sì rí dúdú bí ìdí ìkòkò ní ojú ibi tí irin ti pàdé, ó ń jò nìyẹn. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ọkọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ní kí awakọ̀ dúró. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí gbangba. Ẹni tí kò bá tètè bọ̀ sípò, ilé ìwòsàn ni o. Ẹ má ro epo pupa sí i lẹ́nu. Oró yìí kò sí nínú ikùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, epo kò lè lé e jáde.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní owó kò sí. Owó tí a fi ra ẹ́ńjìnnì, ibo la ti rí i? Ẹ ṣe ìṣirò báyìí: bí ẹ bá ń kó owó ẹ́ńjìnnì jọ, ẹ pín in sí mẹ́wàá, kí ẹ fi ìdá kan pamọ́ fún ọ̀nà èéfín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọnu. Bí ìdá mẹ́sàn-án kò bá tó ra ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró di ìgbà tí ẹ bá ta kajú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹ wo ẹnu ọ̀pá kí ẹ tó gba ọkọ̀ láyè láti kó èrò. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, owó yín ló ń gbé ọkọ̀ rìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó gbé iṣu sí i, bí ẹ ṣe ń yẹ iṣu wò kí ẹ tó rà á.

Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jíròrò nìyí. Àkọ́kọ́: nínú ọkọ̀ tó ń wọ abúlé yín, mélòó ni ẹnu ọ̀pá rẹ̀ parí sábẹ́ èrò? Èkejì: ta ni kó bá olówó ọkọ̀ sọ̀rọ̀, báwo ni a ó sì ṣe sọ ọ́ tí kò ní di ìjà? Ẹ̀kẹta: bí ọkọ̀ kan bá kọ̀ tí kò tún un ṣe, ṣé ẹ lè fẹnu kò pé ẹrù nìkan ni yóò máa gbé, kò ní gbé ènìyàn? Ẹ rán ìdáhùn yín sí wa nípasẹ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́.