Èèpo Ekùrọ́ Kì í Ṣe Ohun Ìdànù, Ṣùgbọ́n Ẹ Dán Èédú Rẹ̀ Wò

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Akhdariyy mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni a máa ń wò lára omi kí a tó fi ṣe àlùwàlá: àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gan-an ni èédú tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní activated carbon máa ń tún ṣe. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kan ilé-kéwú.

Ní agbègbè wa, láti Ìlú-Abo dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó, alágbẹ̀dẹ ń fi èèpo ekùrọ́ dáná, èèpo kòkó sì ń di eérú ọṣẹ dúdú. Èyí tí ó kù, ààtàn ni. Bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1918, nígbà ogun àgbáyé kìíní, ńṣe ni wọ́n ń bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n kó kóró èso píìṣì àti èèpo èso líle jọ, kí a lè fi èédú wọn ṣe ìbòjú tí yóò gba ọmọ-ogun lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ olóró.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni àwọn tí ń da èédú ìdáná lásán sínú dúrọ́ọ̀mù, tí wọ́n ní omi ti mọ́. Èédú ju èédú lọ! A ó kọ́kọ́ sun èèpo náà níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀. Lẹ́yìn náà, a ó jẹ́ kí oruku omi gba ara rẹ̀ kọjá nínú iná tí ó tó 800 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àwọn mìíràn ń fi ásíìdì rẹ èèpo kí wọ́n tó sun ún, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ kéwú rárá. Iṣẹ́ yìí ni ó ń lu ihò tí ojú kò lè rí sí èédú lára, tí gíráàmù kan fi lè ní ojú tí ó ju 500 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni àwọ̀ àti òórùn ń lẹ̀ mọ́.

Dúdú ni méjèèjì, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní yàrá ìdánwò, wọ́n máa ń wọn iye mílígíráàmù ayódíìnì tí gíráàmù èédú kan lè fà mọ́ra. Yunifásítì FUTA ti wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981. Lójú tiwa, kí ilé-kéwú tí ó bá fẹ́ ṣe èédú yìí wá onímọ̀ kẹ́mísírì kan níbẹ̀ kí ó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí.

Kódà èyí tí ó yege kì í ṣe oògùn kòkòrò àrùn. Omi lè dára fún àlùwàlá kí onígbáméjì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ sè é kí àwọn ọmọ tó mu ún, bí òórùn bá sì ti padà sínú omi, èédú ti kún nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.