Ọ̀rọ̀ Ọmọdé Kì í Ṣe Ohun Àbòmọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n bí àlùfáà bá dákẹ́ nítorí ìtìjú, ta ni yóò sọ ọ́?

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́hìn, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ilé kan lẹ́hìn ìrun alẹ́. Mo bá àwọn àgbà mẹ́rin níbẹ̀, obìnrin opó kan tí ń sunkún, àti ọkùnrin kan tí ó dorí kodò. Ọmọ obìnrin náà, ọmọ ọdún 9, ni ó ń kiri ẹ̀pà tí ọkùnrin yìí fi pè é wọ yàrá pé òun fẹ́ ra ọjà. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Kí ni wọ́n ní kí n wá ṣe? Wọ́n ní kí n bá wọn bẹ ìyá ọmọ, kí n sì ṣe àdúà, kí ọ̀rọ̀ náà má ba à jáde síta, nítorí orúkọ àdúgbò àti orúkọ ẹ̀sìn. Mo jẹ́wọ́ níwájú yín pé mo ṣe àdúà náà. Ìyá ọmọ gbà, nítorí kò ní ẹni tí yóò gbè é lẹ́hìn. Kò pé ọdún kan tí ọkùnrin kan náà fi tún hu irú ìwà yìí sí ọmọ ẹlòmíràn. Ìgbà náà ni mo tó tẹ̀lé bàbá ọmọ kejì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lọ nígbà àkọ́kọ́, ọmọ kejì ìbá bọ́.

Àwọn kan yóò wí pé Ànábì wa ní kí á máa bo àṣírí ara wa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣírí ẹni tí ó ṣẹ ara rẹ̀ ni à ń bò, a kì í bo ẹni tí ń pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Nínú Súrátù Nísáì, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí á dúró ti òdodo, ìbáà jẹ́ pé òbí wa tàbí ẹbí wa ni ẹjọ́ náà kàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ ní àdúgbò kan. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ UNICEF ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2014 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin 4, ó tó 1 tí wọ́n ti fi ìṣekúṣe kàn kí ó tó pé ọdún 18, àti 1 nínú ọmọkùnrin 10. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ti sọ di tiwọn, sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Kò sí àwáwí pé ọmọ náà gbà tàbí pé ó dàgbà lójú. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn tí í dènà àrùn éèdì wà, ṣùgbọ́n wọn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó kọjá.

Kí n má sọ ti àdúgbò kí n gbàgbé ilé tiwa. Ní oṣù September ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn tí ó lé ní 300 sílẹ̀ ní Rigasa ní ìlú Kàdúná, ọmọdé wà nínú wọn, a rí èyí tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, nínú ilé tí wọ́n ń pè ní ilé-kéwú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi alákéwú, ta ni a kọ́ irú èyí lọ́dọ̀ rẹ̀? Anas ọmọ Maliki sin Ànábì fún ọdún 10 láti kékeré, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí pé Ànábì kò kanra mọ́ òun rí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: kí ló gbé ọmọ ọdún 9 dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà? Àìní ni. Ọkọ obìnrin náà kú, ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ fún un. A jẹun níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, a ṣe àmín, a sì lọ sílé wa. Súrátù Máúnù ka ẹni tí ń ti ọmọ òrukàn dànù mọ́ àwọn tí ó pe ẹ̀sìn nírọ́. Ṣé àwa tí a jẹun tán tí a kò padà wẹ̀hìn kò tì í bí?

Ẹ̀yin oníṣòwò, sàká owó yín kò ju ìdá kan nínú 40 lọ, tálákà àti aláìní ni Ọlọ́hun sì kọ́kọ́ dárúkọ nínú àwọn ẹni 8 tí ó tọ́ sí. Aṣọ ẹgbẹ́ tí à ń rà fún ìnáwó kan ṣoṣo tó rán ọmọ opó ní ilé ìwé. Ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Kí jámáà mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn márùn-ún, kí obìnrin wà nínú wọn, tí yóò mọ opó àti ẹni tí ìyà ń jẹ ní àdúgbò. Kí á ya àpótí kan sọ́tọ̀ fún wọn ní ọjọ́ Jímọ̀. Kí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà yá opó ní ọjà tí yóò jókòó tà, kí ọmọ rẹ̀ lè sọ igbá kalẹ̀. Bí ẹ bá sì gba ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀, kí ó jẹ ohun tí ọmọ yín jẹ, kí ó sùn níbi tí ọmọ yín sùn.

Mo ti lọ bẹ opó náà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti fi lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á wà lára àwọn tí yóò wo ọmọ náà níran. Àmín.